Ṣé Eré Tí Ọmọ Ń Ṣe Nílé Ìwé Lè Dípò Kíláàsì Eré Ìdárayá?

Àwọn òbí àti ọmọ ilé ìwé láti agbègbè Ìkòròdú kọ̀wé sí wa lórí ọ̀rọ̀ kan náà: kíláàsì eré ìdárayá tí wọ́n sọ di dandan kí ọmọ tó gba ìwé ẹ̀rí nílé ẹ̀kọ́ girama, pàápàá ní Amẹ́ríkà. Ìdáhùn wa nìyí.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin wà lọ́dọ̀ àbúrò mi ní Houston, kíláàsì kẹwàá ló wà. Ó ń sáré pẹ̀lú ẹgbẹ́ aládàáni kan lọ́jọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Wọ́n ṣì ní ó gbọ́dọ̀ ṣe kíláàsì eré ìdárayá kó tó lè jáde. Ṣé eré tó ń sá yìí ò tó ni? — Ìyá kan, Ìgbógbó

Ó lè tó, ẹ̀yin ìyá wa, àmọ́ eré nìkan kọ́ ló ń mú kírẹ́dìtì wá, ìyẹn àmì tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ fún ọmọ lórí ẹ̀kọ́ tó bá parí. Ìwé tí ẹ bá kọ́kọ́ tọ́jú ló ń mú un wá.

Kírẹ́dìtì 22 ni ọmọ ń kó jọ ní Texas, ìpínlẹ̀ tí Houston wà, kó tó jáde, ọ̀kan péré nínú rẹ̀ ni ti eré ìdárayá. Òfin ìpínlẹ̀ náà gbà kí nǹkan mìíràn rọ́pò ọ̀kan yẹn: ẹgbẹ́ eléré ìdárayá ilé ìwé, ẹ̀kọ́ ológun àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń pè ní JROTC, ẹgbẹ́ onífèrè tó ń yan lórí pápá, tàbí ètò aládàáni tí wọ́n fọwọ́ sí. Èyí tó wù kó jẹ́, ara gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ gidi nínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 100, ó kéré tán, láàárín ọjọ́ márùn-ún ìwé.

Ètò aládàáni ni ti ọmọ yín, òun ló sì le jù. Ìpele méjì ló ní. Ti àwọn tó ń múra fún ìdíje ńlá jẹ́ wákàtí 15 lọ́sẹ̀, ó kéré tán, ilé ìwé sì lè yọ̀ǹda ọmọ fún wákàtí kan lójúmọ́. Ìpele kejì jẹ́ wákàtí 5 lọ́sẹ̀ lábẹ́ olùkọ́ tó mọṣẹ́, kò sì gbọ́dọ̀ mú ọmọ kúrò ní kíláàsì kankan. Ẹ wá bá wa ṣírò ti ọmọ yín: bí wọ́n bá ń lo wákàtí kan àbọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, mẹ́rin àbọ̀ ni. Kò pé. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀, torí wọ́n ń ka iye ọjọ́, wọn ò ka wákàtí.

Kí àbúrò yín kọ́kọ́ lọ bá agbaninímọ̀ràn ilé ìwé náà, kó béèrè ohun méjì: ṣé àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ agbègbè wọn ti gba àṣẹ lọ́wọ́ kọmíṣọ́nnà ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ fún irú ètò yìí, àti ṣé orúkọ ẹgbẹ́ tí ọmọ ń bá sáré wà lára àwọn tí wọ́n gbà. Àwọn aláṣẹ yẹn ló ń tọrọ àṣẹ náà, òbí kọ́. Bí orúkọ ẹgbẹ́ bá wà níbẹ̀, kí wọ́n gba fọ́ọ̀mù kí sáà ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí kóòṣì sì máa kọ ọjọ́, wákàtí àti ìbuwọ́lùwé rẹ̀ sínú ìwé kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá kó àmì ẹ̀yẹ àti fọ́tò lọ sí ọ́fíìsì lẹ́yìn tí ọdún ti parí, òfo ló máa ń mú bọ̀.

Bí orúkọ ẹgbẹ́ ò bá sí níbẹ̀, ẹ má fi àkókò ṣòfò. Kí ọmọ wọ ẹgbẹ́ eléré sísá ilé ìwé rẹ̀. Níbẹ̀, eré sábà máa ń ní àyè tirẹ̀ lórí tákàdá àkókò ẹ̀kọ́, máàkì rẹ̀ á sì wọlé bíi ti iṣẹ́ tó kù. Àmọ́ ẹ kìlọ̀ fún un: bí máàkì rẹ̀ nínú iṣẹ́ kan bá wálẹ̀ kọjá 70, wọn ò ní jẹ́ kó díje fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó kéré tán. Wọ́n ṣì máa ń gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láyè láti ṣe ìgbáradì, nítorí náà kó má jókòó sílé bínú. Ìgbáradì yẹn ni kírẹ́dìtì rẹ̀ dúró lé.

Ohun mìíràn wà tí ẹ lè ṣe láti ìhín. Kíláàsì kẹsàn-án ni wọ́n ti ń ka kírẹ́dìtì girama lọ́hùn-ún, JSS3 wa ló sì bá a dọ́gba. Bó bá ṣe JSS3 ní Ìkòròdú, ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ ìlera àti eré ìdárayá, èyí tí a mọ̀ sí PHE. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ilé ìwé máa ń kó o pọ̀ mọ́ Basic Science and Technology tẹ́lẹ̀, orúkọ rẹ̀ kì í sì í hàn lórí ìwé èsì. Ẹ lọ bá ọ̀gá ilé ìwé náà, kí wọ́n kọ lẹ́tà tó ní òǹtẹ̀, tó ya PHE sọ́tọ̀, tó sọ iye ìgbà tí wọ́n ń kọ́ ọ lọ́sẹ̀ àti máàkì ọmọ. Kí ilé ìwé fúnra wọn fi ránṣẹ́. Àwọn aláṣẹ ọ̀hún ni yóò pinnu bóyá wọ́n gbà á, àmọ́ ohun tí wọn ò bá rí lórí ìwé, wọn ò lè gbé e yẹ̀ wò.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà ní Florida. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún ilé ìwé rẹ̀ ní sáà kan gbáko, orúnkún rẹ̀ wá yẹ̀ láàárín ìkejì. Ṣé ìyẹn ti tó dípò kíláàsì eré ìdárayá? — Arákùnrin kan, Odógunyàn

Ẹ bá wa kí i pé ó kú ewu. Sáà méjì tó pé ni òfin Florida sọ, nínú ẹgbẹ́ àgbà ilé ìwé tàbí ẹgbẹ́ tó tẹ̀ lé e. Kí ẹ̀gbọ́n yín gba ìwé dókítà àti lẹ́tà kóòṣì báyìí, kí wọ́n sì béèrè ìpinnu ilé ìwé ní kíkọ sílẹ̀. Kí wọ́n má gbára lé ọ̀rọ̀ ẹnu kóòṣì, torí kì í ṣe òun ló ń kọ ìwé èsì. Bí wọ́n bá ní kò pé, ó lè ṣe sáà mìíràn lẹ́yìn tí orúnkún bá san, tàbí kó ṣe HOPE, kọ́ọ̀sì ìlera àti eré ìdárayá, lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ Florida Virtual School.

Ẹ tún kíyè sí èyí: bọ́ọ̀lù yẹn ń jẹ́ kí ọmọ bọ́ lọ́wọ́ kíláàsì eré ìdárayá ni, kò fún un ní kírẹ́dìtì. Kírẹ́dìtì 24 ló ṣì gbọ́dọ̀ pé, nítorí náà yóò fi iṣẹ́ mìíràn dí àyè náà. Ohio náà fẹ́ jọ bẹ́ẹ̀. Bí àwọn aláṣẹ agbègbè bá fọwọ́ sí i, sáà méjì tó pé ń yọ ọmọ kúrò nínú eré ìdárayá, àmọ́ yóò fi wákàtí 60, ó kéré tán, kọ́ ẹ̀kọ́ mìíràn dípò rẹ̀. Ọmọ tí kò bá mọ èyí lè rò pé òun ti parí, kí wọ́n wá sọ fún un lóṣù tó yẹ kó jáde pé ó ku ìdajì kírẹ́dìtì.

Ẹ káàsán, ẹ̀yin àgbà. SS2 ni mo wà ní Ìjẹ̀dẹ̀, mo sì ń gbá bọ́ọ̀lù fún ilé ìwé wa. Ṣé WAEC lè tìtorí rẹ̀ fún mi ní máàkì Physical Education?

Rárá, ọmọ wa. Kò sí irú ìrọ́pò bẹ́ẹ̀ nínú WASSCE. Iṣẹ́ náà kì í ṣe dandan. Ẹni tó bá yàn án ló ń ṣe é, ìdánwò rẹ̀ sì ní ti ìwé àti ti ìṣe. Bọ́ọ̀lù tí o ń gbá yóò ràn ọ́ lọ́wọ́ nínú ti ìṣe. Ní ti ìwé, wàá ka egungun àti iṣan ara, òfin eré oríṣiríṣi, àti ìtọ́jú ẹni tó fara pa. Kó o tó fi orúkọ sílẹ̀, béèrè bóyá ilé ìwé yín ní olùkọ́ tó ń kọ́ ọ.

Ọmọbìnrin mi fẹ́ fi eré sísá gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní yunifásítì Amẹ́ríkà. Ṣé kírẹ́dìtì eré ìdárayá á ràn án lọ́wọ́? — Bàbá kan, Ẹbúté

Á jẹ́ kó jáde ní girama, bàbá, àmọ́ kò kan ti NCAA tó ń ṣàkóso eré yunifásítì lọ́hùn-ún. Kọ́ọ̀sì 16 ni wọ́n ń wò fún ìpele kìn-ín-ní eré yunifásítì (Division I): Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ẹ̀kọ́ ìmọ̀ àwùjọ àti irú wọn. Eré ìdárayá ò sí níbẹ̀, bó ti wù kí máàkì rẹ̀ ga tó. Bí àyè kan bá ṣẹ́ kù lórí tákàdá ẹ̀kọ́ rẹ̀, kó fi ìṣirò tàbí sáyẹ́ǹsì dí i.