Pulánì wà lórí fóònù: kí ni ákítẹ́ẹ̀tì tún fẹ́ ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Mo ní ilẹ̀ púlọ́ọ̀tì kan ní Ẹlẹ́yẹlé, n'Ífẹ̀, mo sì fẹ́ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí i. Bíríkìlà mi ní kí n má fowó ṣòfò, pé pulánì tó rẹwà kún orí fóònù òun. Ṣé dandan ni kí n wá ákítẹ́ẹ̀tì?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ìnáwó o. Ibì kan wà tí bíríkìlà yín ò ti purọ́: yíya pulánì ò gba wàhálà tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Kọ̀ǹpútà ń yà á, ó sì ń fi bí ilé yóò ṣe rí hàn yín kí ẹ tó ra búlọ́ọ̀kù kan. Àmọ́ pulánì orí fóònù yẹn, ilẹ̀ ta ni wọ́n yà á fún? Bí yàrá tí ẹ máa sùn bá kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, ògiri yóò mu oòrùn láti ọ̀sán, yóò wá máa tú ooru náà sí yín lára lóru. Ẹni tó yà á ò mọ ibi tí ilẹ̀ yín dà sí, kò sì mọ ibi tí kànga aládùúgbò wà, tí sókàwé yín, ihò omi ìdọ̀tí ilé, gbọ́dọ̀ jìnnà sí.

Ẹ yà sí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, kí ẹ wo àwọn ilé Humanities dáadáa. Arieh Sharon, ákítẹ́ẹ̀tì ará Ísírẹ́lì, ló ṣáájú àwọn tó ya ọgbà náà. Àjà òkè yọ síta ju tìsàlẹ̀ lọ. Bí ilé ṣe ń ga ló ń fẹ̀, tòkè wá ń ṣíji bo fèrèsé ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn àti òjò. Ẹni tó ro ti ojú ọjọ́ Ifẹ̀ kó tó fa ìlà ló ya ìyẹn. Ohun tí ẹ ń sanwó fún gan-an nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ ta ni yóò dáhùn bí nǹkan bá yíwọ́. Láti 1969 ni òfin ti dá ARCON, àjọ tó ń forúkọ àwọn ákítẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ní Nàìjíríà, sílẹ̀, ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá sì wà nínú ìwé wọn nìkan ni òfin gbà kó pe ara rẹ̀ ní ákítẹ́ẹ̀tì. Ẹ bèèrè òǹtẹ̀ rẹ̀, ẹ má tijú. Ẹ sì bi í bóyá ó ń gba owó ẹ̀yìn lọ́wọ́ àwọn tó ń ta símẹ́ńtì àti páànù, torí ẹ̀yin ló ń ṣiṣẹ́ fún.

Nítorí pé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, ẹ tún máa nílò ẹnjiníà tí yóò ṣírò irin òpó àti ti dẹ́kìn, ìyẹn kọnkéré tó jẹ́ ilẹ̀ àjà òkè. Iṣẹ́ tiẹ̀ lọ́tọ̀. Bówó ò bá tó kí ákítẹ́ẹ̀tì máa wá ní gbogbo ìgbà, ẹ jẹ́ kó wà nínú àdéhùn yín pé yóò yọjú kí wọ́n tó da kọnkéré ìpìlẹ̀, yóò sì tún wá kí wọ́n tó da dẹ́kìn. Lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ lọ rí i, ẹ mú ìwé súfè yín dání, kí ẹ sì ní kó bá yín dé orí ilẹ̀ náà lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́.