Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín: Ààfin, Alágbàká àti Òkè Ìdànrè

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Àbúrò mi tí ń gbé ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà ń kó àwọn ọmọ rẹ̀ méjì, ẹni ọdún 12 àti ẹni ọdún 15, bọ̀ wálé ní oṣù Kejìlá. Lọ́hùn-ún, wọ́n ti wa mọ́tò káàkiri láti wo àwọn ibi ìtàn, wọ́n sì ti wọ ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ wọn ní Austin. Ó fẹ́ kí n mú wọn rìn bẹ́ẹ̀ níbí fún ọjọ́ mẹ́ta, ṣùgbọ́n baálé mi ní Òkè Ìdànrè nìkan ti tó, pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ń wò ní Alágbàká, níbi tí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ Oǹdó wà ní Àkúrẹ́. Kí ni ẹ rí sí i?
Ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin, Ọba-Ilé, Àkúrẹ́

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìmúra àlejò, Màmá. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ baálé yín. Ọdún 1888 ni wọ́n parí ilé aṣòfin Texas, òkúta gíránáìtì pupa ni wọ́n fi kọ́ ọ, ilé náà fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ìran àpéwò. Ọ́fíìsì ni àwọn ọmọ máa bá ní Alágbàká. Síbẹ̀, n kò ní kí ẹ fò ó. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí ẹ má yà á nípa kúrò lára ààfin Déjì, ọba Àkúrẹ́: ọjọ́ kan náà ni kí ẹ wo méjèèjì, kí ẹ sì ti ààfin bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ gómìnà ni wọ́n ti ń ṣèlú nínú ààfin àtijọ́ yẹn. Àwọn àgbàlá rẹ̀, tí àwọn ará Àkúrẹ́ ń pè ní uà, lé ní 15, iṣẹ́ wọn sì yàtọ̀ síra. Uà Ùbúra, fún àpẹẹrẹ, ni ibi ìbúra. (Bí àwọn ọmọ bá béèrè ìdí tí a kò fi pè é ní “ìbúra”, ẹ fi ohùn Àkúrẹ́ dá wọn lóhùn.) Láti ibẹ̀, ẹ kọjá sí Alágbàká, kí ẹ fi ibi tí àwọn aṣòfin 26 ń jókòó sí lónìí hàn wọ́n. Ẹ sọ fún wọn pé ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976 ni Àkúrẹ́ di olú-ìlú ìpínlẹ̀ Oǹdó, àti pé láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣàkóso Èkìtì pẹ̀lú, títí Èkìtì fi gba ìpínlẹ̀ tirẹ̀ ní ọdún 1996. Ọjọ́ iṣẹ́ ni kí ẹ lọ, kí ẹ sì ti kọ lẹ́tà ṣáájú sí Akọ̀wé Ilé Aṣòfin, kí wọ́n má baà dá yín padà lẹ́nu géètì.

Ìdànrè gbọ́dọ̀ gba ọjọ́ kan gbáko. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 kì í ṣe eré, bí ọyẹ́ bá sì mú, ẹ lè gun òkè tán kí ẹ má rí ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlú tí àwọn ará Ìdànrè àtijọ́ fi sílẹ̀ lókè ni kí àwọn ọmọ wò dáadáa, nítorí ààfin, ilé ẹjọ́ àti ilé ẹ̀wọ̀n wà níbẹ̀: ìjọba tún nìyẹn. Òkúta tí wọ́n là kọ́lé ní Austin, orí irú rẹ̀ ni odindi ìlú gbé jókòó níbí.

Ọjọ́ kẹta, ẹ forí lé Ọ̀wọ̀, kí ẹ wo ààfin Ọlọ́wọ̀ àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà níbẹ̀. Ẹ sọ fún wọn nípa àwọn ère alámọ̀ tí Ekpo Eyo, onímọ̀ nípa ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, wú jáde ní Igbó’Lájà ní Ọ̀wọ̀ níbẹ̀. Ní ti Ìhò Eléérú nítòsí Ìsàrun, níbi tí wọ́n ti rí egungun ènìyàn tó ti lé ní 11,000 ọdún ní 1965, inú igbó ni. Ẹ fi ìtàn rẹ̀ dá wọn lára yá nínú mọ́tò.

Ẹ sì jẹ́ kí baálé yín wa mọ́tò ní ọjọ́ Ìdànrè, kí ẹ̀yin lè tọ́jú orúnkún yín de àtẹ̀gùn.