Mọ́tò ta ni o ń fi òru Sọ́ńdè san?

Ojú ìwé mẹ́ta ni ọmọbìnrin kan kọ sí mi láti Maryland. Ọdún kẹta ló wà ní yunifásítì, iṣẹ́ dókítà ló ń lé. Ó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní nọ́ọ̀sìn hóòmù, òru Fúráìdeè, Sátidé àti Sọ́ńdè, aago méje alẹ́ sí méje àárọ̀. Ó fẹ́ kí n bá òun wò ó bí òun ṣe lè kó yúníìtì 18 mọ́ iṣẹ́ yìí ní sáà tó ń bọ̀: Organic Chemistry apá kejì, Physics, Genetics, Statistics àti Sociology. Ó ya àtẹ àkókò rẹ̀ sí i fún mi, ó fi àwọ̀ mẹ́rin kùn ún.

Àtẹ rẹ dára, ọmọ mi. Mi ò ní fọwọ́ kàn án.

Ní ojú ìwé kejì, o sọ gbólóhùn kan, o sì sáré kọjá: “Mo tún ń san owó mọ́tò Dádì torí orúkọ mi ni wọ́n fi gbà á, $1,090 lóṣù pẹ̀lú ìńṣọ́ránsì.” Ó tán, o padà sórí Genetics. Nígbà tó di ojú ìwé kẹta, o ní inú bọ́ọ̀sì lo ti ń ka Organic láàárọ̀ Mọ́ńdè, torí láti ibi iṣẹ́ dé iléèwé, wákàtí kan ààbọ̀ ni. Bọ́ọ̀sì! Ìwọ tí o ni gbèsè mọ́tò lọ́rùn lò ń dúró de bọ́ọ̀sì nínú òtútù, lẹ́yìn tí o ti fi gbogbo òru yí arúgbó sọ́tùn-ún sósì lórí bẹ́ẹ̀dì.

O ní $20 ni wọ́n ń san fún ọ ní wákàtí kan. Ká ní owó orí kúrò, kó ku $17. Wákàtí 64 lo fi ń san $1,090. Òru márùn-ún àti díẹ̀ nìyẹn lóṣù. Sọ́ńdè mélòó ló wà nínú oṣù? Mẹ́rin, nígbà míì márùn-ún. Gbogbo òru Sọ́ńdè rẹ ni mọ́tò yẹn ń jẹ, kò sì yó. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Mọ́ńdè ni kíláàsì Organic tí o ti gba C, o sì wá ń sọ fún mi pé ó jọ pé o ò ní ọpọlọ Chemistry. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ? Oorun ni o ò ní. Ìjọba Amẹ́ríkà fúnra wọn ka yúníìtì kan sí wákàtí kan nínú kíláàsì àti ó kéré tán méjì níta, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. 18 di 54. Fi 36 ti iṣẹ́ lé e, ó di 90. Nínú àtẹ aláwọ̀ mẹ́rin yẹn, ohun tí o kọ sí àárọ̀ Mọ́ńdè ni “rẹjú, ìṣẹ́jú 20.”

Irú lẹ́tà yìí ti pọ̀ jù lọ́dọ̀ mi. Ti Houston, owó iná ilé ni. Ti London, fóònù mẹ́rin lórí orúkọ ọmọ ogún ọdún. Gbogbo wọn ló sì ń bi mí bí wọ́n ṣe lè máa to àkókò wọn.

O ní bàbá rẹ ti ń pè ọ́ ní Dókítà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n á wa mọ́tò náà lọ, wọ́n á dìde, wọ́n á ní kí ìjọ bá àwọn yọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, Dókítà á wọ aṣọ iṣẹ́ lọ wá owó mọ́tò. Mi ò bú wọn o. Mo mọ ohun tí ojú òbí ń rí kí wọ́n tó kó ọmọ débẹ̀, ọmọ tó bá sì lè ràn wọ́n lọ́wọ́, kó ràn wọ́n. Ká ní owó oúnjẹ tàbí owó ilé ni, ohun tí mo máa sọ máa yàtọ̀. Ṣùgbọ́n mọ́tò tuntun oníjókòó méje, nínú ilé tí kò ku ọmọ kankan? A kì í fọmọ ọrẹ̀ bọrẹ̀.

Ó sì tún ń bọ̀ wá kàn ọ́ níwájú. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá wọ iléèwé ìṣègùn lè yá gbogbo iye tó kù lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, Grad PLUS ni wọ́n ń pè é. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2025 ti ti ilẹ̀kùn yẹn mọ́ àwọn ayáwó tuntun láti July 1, 2026. $50,000 lọ́dún ni ìjọba máa yá ọ, $200,000 lápapọ̀. Ní ọ̀pọ̀ iléèwé, tí o bá ro owó iléèwé pọ̀ mọ́ ilé àti oúnjẹ, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Báǹkì lo máa lọ bá fún ìyókù, báǹkì á sì yẹ orúkọ rẹ wò: gbèsè wo ló wà lórí rẹ̀, ṣé ó ń san án lásìkò? Mọ́tò Dádì ni wọ́n máa bá níbẹ̀. Nítorí náà, má fi ìbínú dá owó rẹ̀ dúró. Tó bá fi lè pẹ́ ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ, wọ́n lè kọ ọ́ sílẹ̀, ọdún méje ló sì máa wà lórí orúkọ rẹ.

C yẹn náà ò ní kúrò. AMCAS, tí wọ́n fi ń wá àyè sí ọ̀pọ̀ jù nínú iléèwé ìṣègùn ibẹ̀, kì í jẹ́ kí kíláàsì tí o tún ṣe pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Méjèèjì ni wọ́n ń kà. Wọ́n tún máa ń ṣírò Biology, Chemistry, Physics àti Ìṣirò lọ́tọ̀. C yẹn fúnra rẹ̀ ò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé mọ́tò Dádì ló fà á.

Lọ bá bàbá rẹ. Má fi fóònù sọ ọ́, má sì rán ìyá rẹ sí wọn. Kúnlẹ̀ kí wọn, kí o wá tẹ́ ìwé gbèsè mọ́tò síwájú wọn pẹ̀lú èsì ìdánwò rẹ. Bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé gbèsè náà sórí orúkọ ara wọn. Tí báǹkì bá kọ̀, ẹ ta mọ́tò náà, ẹ san gbèsè, kí wọ́n ra èyí tágbára wọn ká. Tí owó tí ẹ tà á ò bá tó, ẹ jọ pín ìyókù san. Wọ́n á ní Amẹ́ríkà ti yí ọ lórí. Jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán, má jiyàn, kí o tún padà sọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e.

Ìkánjú yúníìtì 18 yẹn ńkọ́? Kò pọn dandan. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wọ iléèwé ìṣègùn l'Amẹ́ríkà ló ti lo ó kéré tán ọdún kan níta lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́. (Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ jọ̀ọ́: èèyàn ò lè ti JAMB bọ́ sí ìṣègùn níbẹ̀ bíi tiwa. Oyè àkọ́kọ́ ni wọ́n ń gbà, wọ́n á sì tún jókòó sí MCAT, ìdánwò tó ń gba wákàtí méje ààbọ̀ pẹ̀lú ìsinmi. Ẹ yé béèrè lórí WhatsApp pé ṣé kò tíì di dókítà ni.)

Má fi iṣẹ́ rẹ sílẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún náà wà lára ohun tí wọ́n ń wò, ẹni tó sì ti wẹ arúgbó tó ń sunkún láago mẹ́ta òru mọ ohun tí ẹni tó kàn tẹ̀lé dókítà kiri kò mọ̀. Òru méjì lọ́sẹ̀ ti tó.

Ó wá ku ìbéèrè rẹ. Yọ Physics, ó di 14. Fún owó ìrànwọ́ ìjọba, 12 ni akẹ́kọ̀ọ́ alákòókò kíkún nílò, nítorí náà kò séwu. Ṣe Physics lọ́dún kẹrin. Fi Sociology sílẹ̀ níbi tó wà, odidi apá kan nínú MCAT ló ń béèrè òun àti Psychology. Má tíì kọ̀wé sí mi mọ́ títí o ó fi bá bàbá rẹ sọ̀rọ̀.