Ìdọ̀tí wo ló wà nínú iṣan yín?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ó ti tó oṣù méjì tí mo ti ń sáré lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ogójì ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó ń kọ́ wa ní eré sísá sọ pé eré máa ń jó iṣan, pé ìdọ̀tí ń kó jọ síbẹ̀, kí n máa lo fítámì C àti E tó lágbára ní kété tí mo bá sáré tán, kó lè fọ̀ ọ́ dànù. Ẹ̀ẹ̀melòó lójúmọ́ ni kí n lò ó?

ÌDÁHÙN: Ẹ̀ẹ̀melòó kọ́ lọ̀rọ̀ kàn. Ìdọ̀tí wo? Ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́kọ́ bi mí, ó sì ti ń sú mi.

Bí ẹ bá ti ń sáré, iṣan itan yín ń ná ATP, ìyẹn owó tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣiṣẹ́, àjẹkù rẹ̀ tó ń jẹ́ AMP sì ń pọ̀ sí i. Ẹ̀ṣọ́ kan wà níbẹ̀, AMPK lorúkọ rẹ̀. Bó bá ti rí àjẹkù yẹn, á ké pé epo ń tán lọ o. Kálísíọ́mù tó ń tú jáde nígbàkúùgbà tí iṣan bá sún kì náà ń jíṣẹ́ tirẹ̀. Ọ̀dọ̀ PGC-1α ni ariwo wọn ń já sí, òun ló ń jí àwọn jíìnì tí sẹ́ẹ̀lì fi ń kọ́ mitokọ́ńdíríà tuntun. Mitokọ́ńdíríà ni ààrò inú sẹ́ẹ̀lì, ibẹ̀ ni a ti ń fi ọ́síjìn jó ṣúgà àti ọ̀rá. Bí ààrò bá ṣe pọ̀ tó ni eré ṣe ń rọrùn tó.

Nígbà tí iṣẹ́ ń gbóná báyìí, ọ́síjìn díẹ̀ máa ń ya ìpátá, á máa kọlu ohun tó bá wà nítòsí. Èyí ni wọ́n ń pè ní ìdọ̀tí. Lóòótọ́, bó bá pọ̀ lápọ̀jù tí kò sì rọlẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó lè ba ara jẹ́. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tó ń wá tó sì ń lọ nígbà eré, òjíṣẹ́ lòun náà. Ẹ wá pa òjíṣẹ́ sójú ọ̀nà, ta ni kó jíṣẹ́? Wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn eré, nígbà tí ẹ ti wẹ̀ tán, ni iṣẹ́ PGC-1α ṣẹ̀ṣẹ̀ ń le. Ẹ̀yìn eré yẹn náà ni wọ́n ní kí ẹ máa gbé fítámì mì!

Lọ́dún 2009, àwọn olùwádìí ní Jámánì fún àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan ní mílígíráàmù 1,000 fítámì C àti 400 IU (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn fítámì) fítámì E lójúmọ́, àwọn yòókù kò lò ó, gbogbo wọn sì ń ṣe eré ìdárayá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ara àwọn tí kò lo fítámì túbọ̀ ń gbọ́ ti ínsúlínì, ìyẹn èròjà ara tó ń jẹ́ kí ṣúgà wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Ti àwọn tó lò ó kò yí padà. Ní Norway, lọ́dún 2014, ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni wọ́n fi ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀, wọ́n sì gé iṣan itan wò. Ẹ má fojú kéré rẹ̀ o: wọ́n á fi oògùn pa itan kú kó má bàa dùn, wọ́n á la awọ díẹ̀, abẹ́rẹ́ oníhò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó pẹ́ńsùlù á wọlé, á já ẹran pupa bíńtín bọ̀. Àmì ààrò tuntun pọ̀ sí i lára àwọn tí kò lo fítámì, kò pọ̀ lára àwọn tó lò ó. Kí n má parọ́, agbára eré sísá àwọn méjèèjì ṣì gbèrú bákan náà. Nítorí náà, n kò ní fítámì yóò sọ yín di arọ. Ohun tí mo ní ni pé kò fọ nǹkan kan.

Kí ẹnikẹ́ni má sì gbé lactate wá bá mi, ìyẹn ohun tí iṣan ń mú jáde bó bá ń jó ṣúgà kíákíá, táwọn kan náà ń pè ní ìdọ̀tí. Ọkàn àti iṣan ń jó o bí epo. Láàárín bíi wákàtí kan lẹ́yìn eré, ó ti rọlẹ̀. Òun kọ́ ló ń jẹ́ kí itan máa ro yín lọ́jọ́ kejì.

Bó bá jẹ́ dókítà yín ló kọ fítámì fún yín, ẹ má tìtorí mi dá a dúró. N kò yẹ̀ yín wò. Èso àti ẹ̀fọ́ kò sí nínú ìjà yìí. Ṣùgbọ́n bí àyà bá ń dùn yín lẹ́nu eré, tàbí tí iṣan wú tí ìtọ̀ sì dúdú lẹ́yìn eré líle, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀.

Ẹ fi owó fítámì ra bàtà eré tó dáa. Kí ẹ sì bá mi bi olùkọ́ yín: ta ló ń tà á?