Ṣé àìsàn àwọn ọ̀gá ni àìsàn ọkàn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ẹni ọdún 46 ni mí, ẹ̀ṣọ́ ẹnu-ọ̀nà ni mí ní ilé-iṣẹ́ kan. Ìfúnpá mi ga díẹ̀, CRP mi, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi inflammation (ìjà àwọn ọmọ ogun tó ń gbèjà ara) hàn, sì jẹ́ 4. Ó yà mí lẹ́nu, torí àwọn ọ̀gá tí ìrònú pọ̀ lórí wọn ni mo mọ̀ pé àìsàn ọkàn ń bá jà. Ẹnìkan fẹ́ ta àgbo tó ń pa inflammation fún mi. Ṣé kí n rà á?

ÌDÁHÙN: Ẹ má rà á. Ìbéèrè àgbo yìí kò tán nílẹ̀, inú sì ń bí mi sí àwọn tó ń fi ìbẹ̀rù ẹlòmíì jẹun. Ṣùgbọ́n ohun tó ká mi lára jù ni èyí tí ẹ sọ nípa àwọn ọ̀gá. Irọ́ ni, ó sì ń pa ènìyàn, torí ẹni tó bá gbà á gbọ́ kò ní yẹ ara rẹ̀ wò.

Láti 1967 ni àwọn oníwádìí ti ń tẹ̀lé nǹkan bí 18,000 ọkùnrin òṣìṣẹ́ ìjọba ní London. Whitehall ni wọ́n ń pe ìwádìí náà, Michael Marmot sì wà lára àwọn tó gbé èsì rẹ̀ jáde. Gbogbo wọn ló níṣẹ́ lọ́wọ́, ìtọ́jú ọ̀fẹ́ sì wà fún wọn. Síbẹ̀, ikú àìsàn ọkàn láàrin àwọn mẹ́séńjà àti ẹ̀ṣọ́ ẹnu-ọ̀nà, irú iṣẹ́ yín gan-an, tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn ọ̀gá àgbà. Bí ipò ṣe ń relẹ̀ sí i ni ikú ń pọ̀ sí i. Sìgá ńkọ́? Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ló ń mu ún jù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ro sìgá, ìfúnpá, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àti ṣúgà mọ́ ọn, gbogbo rẹ̀ kò ṣàlàyé tó ìdajì ìyàtọ̀ náà.

Ẹni tó ń gba àṣẹ láti àárọ̀ dalẹ́, tí kò lẹ́nu lórí bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ń lọ, tí owó ò tó, tí oorun ò kún ojú, ara rẹ̀ á máa tú họ́mónù másùnmáwo jáde ṣáá. Cortisol, ọ̀kan nínú wọn, ló yẹ kó máa dá àwọn ọmọ ogun ara lẹ́kun. Bó bá pẹ́, wọn kì í fetí sí i mọ́. Wọ́n á máa jà láìsí kòkòrò àrùn kankan. Inflammation nìyẹn. Wọ́n á wọnú ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀, wọ́n á máa gbé ọ̀rá mì níbẹ̀ títí á fi di kókó. Ọjọ́ tí kókó náà bá ya, ẹ̀jẹ̀ á dì lé e lórí, ọ̀nà á sì dí.

Ṣé oúnjẹ òtòṣì ló fà á ni? Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2016, wọ́n kó 45 abo ọ̀bọ jọ ní ẹgbẹ́ ẹgbẹ́, oúnjẹ kan náà ni wọ́n ń jẹ. Èyí tó kọ́kọ́ wọlé sábà máa ń di ọ̀gá, èyí tó dé kẹ́yìn ni wọ́n ń lù. Jíìnì tó ń ru inflammation sókè ń ṣiṣẹ́ jù lára àwọn tó wà nísàlẹ̀. Wọ́n tún ẹgbẹ́ náà tò, ipò yí padà, iṣẹ́ jíìnì náà sì yí tẹ̀ lé e. Èyí fi mí lọ́kàn balẹ̀ púpọ̀: ara lè padà.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí CRP yín. Èròjà tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe ni, ó sì ga bó bá ti kọjá 3. Ṣùgbọ́n ọ̀fìnkìn tàbí eyín dídùn lè gbé e sókè, nítorí náà ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí ara yín bá le. Ẹ má sì fi diclofenac tàbí ibuprofen pa inflammation náà: àwọn oògùn ìrora wọ̀nyẹn lè dá kún ewu ọkàn, wọ́n sì ń gbé ìfúnpá sókè.

N kò tíì fojú kàn yín, dókítà yín ló máa pinnu oògùn. Ìfúnpá yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú, kí wọ́n sì yẹ ọ̀rá àti ṣúgà yín wò. Bí ẹ bá ń mu sìgá, ẹ jáwọ́. Bí iṣẹ́ òru bá ń já oorun yín gbà, ẹ bá ọ̀gá yín sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n tò ó dáadáa. Bí àyà bá fún yín pinpin, tó ń ràn dé apá tàbí àgbọ̀n, ẹ má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́: ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ.