Ṣé igbó tí kò sẹ́nì kan ni wọ́n kọ́ Àbújá sí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Awọnlẹ̀. Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì ń kọ iṣẹ́ lórí bí wọ́n ṣe tẹ Àbújá dó. Ó ní igbó tí ẹnikẹ́ni ò gbé ni wọ́n ṣán. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Kí ló tiẹ̀ dé tí wọ́n fi kúrò l'Ékòó?
Ìyá kan, Ògbómọ̀ṣọ́

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ ṣeun. Ẹ bá mi sọ fún ọmọ yín pé kó yọ "ẹnikẹ́ni ò gbé ibẹ̀" kúrò nínú iṣẹ́ rẹ̀. Mo débẹ̀ ní 1980 pẹ̀lú àwọn awọnlẹ̀ ẹgbẹ́ mi, èèyàn la bá níbẹ̀.

Ti Èkó ò le. Ìjọba àpapọ̀ àti ìjọba ìpínlẹ̀ jọ há síbì kan náà, omi yí erékùṣù ká, kò síbi tí wọ́n fẹ́ sún sí. Ní August 1975, ìjọba Murtala Muhammed gbé ìgbìmọ̀ kan dìde láti wo ọ̀rọ̀ ibi tí olú-ìlú yóò wà. Adájọ́ Akínọlá Àgùdà, ọmọ Àkúrẹ́, ló ṣe alága. Tai Solarin náà wà níbẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti jábọ̀. Òfin tó sọ Àbújá di olú-ìlú tuntun jáde ní February 1976, kò sì pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn tí wọ́n pa Murtala. Àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè ni wọ́n mú, níbi tí kò ti sí èyí tó lè sọ pé ilé òun ni nínú Yorùbá, Haúsá àti Ígbò. Kódà orúkọ ọ̀hún, ìlú kan tó wà nítòsí ló ni ín tẹ́lẹ̀. Ìlú yẹn ló ń jẹ́ Suleja báyìí.

Àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó para pọ̀ di IPA (International Planning Associates) ló ya àwòrán ìlú, ó jáde ní 1979. Kenzo Tange, ará Japan, ló ṣètò àárín rẹ̀, ó jẹ́ kó kọjú sí Òkè Aso. Àwòrán tó dáa ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn.

Àmọ́ oko ò hàn nínú àwòrán. Àwọn Gbagyi, tí wọ́n tún ń pè ní Gwari, ló pọ̀ jù nínú àwọn tí a bá níbẹ̀. Obìnrin wọn kì í ru ẹrù sórí, èjìká ni wọ́n ń gbé e lé. Wọ́n ní orí ni ọba ara, kò yẹ kó máa rẹrù. Èmi ọmọ Yorùbá tó mọ ohun tí orí jẹ́, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara.

Lọ́jọ́ kan, a ń kan èèkàn mọ́ inú oko ọkà bàbà, ìyá àgbàlagbà kan yọ sí wa pẹ̀lú igi ìdáná léjìká. Kò sọ ọ́ kalẹ̀. Ó fi èdè Haúsá béèrè, lébìrà wa túmọ̀ rẹ̀ fún mi: ta ni yóò san owó igi ẹ̀mí òun? Igi ẹ̀mí tí à ń rí òrí lára rẹ̀ yìí, ó lè tó ogún ọdún kó tó so. Èmi ni wọ́n ní kí n kà wọ́n. Igi àti ilé ni òfin ní ká ṣírò owó lé lórí, ilẹ̀ gan-an ò sí níbẹ̀. Méje ni mo kọ sínú ìwé. Iye tí ọ̀gá tó gbé iṣẹ́ fún wa dá lé igi kan, ojú tì mí láti sọ ọ́ fún ìyá náà, mo ní kó lọ béèrè ní ọ́fíìsì. Ó ń dùn mí títí dòní.

Ìpinnu àkọ́kọ́ ni pé kí gbogbo onílùú kó kúrò. Ìyẹn ò ṣeé ṣe tán, owó rẹ̀ pọ̀ jù. Wọ́n kó àwọn kan lọ sí Kubwa, àwọn mìíràn jókòó síbi tí wọ́n wà títí ìjọba fi kó dé ní December 12, 1991.

Bí ọmọ yín bá lè dé Àbújá, kó lọ sí abúlé Garki, tó ṣì wà láàárín ìlú báyìí. Kó mú ẹni tó gbọ́ Haúsá dání, kó lọ kí àwọn àgbà ibẹ̀, kó sì bi wọ́n pé níbo ni oko wọn wà tẹ́lẹ̀.