"A ti yọ orúkọ kúrò": kí ni ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an?

Ìbéèrè tó délẹ̀ nìyí: ilé ìwòsàn gbé fọ́ọ̀mù fún ẹnì kan pé kó fọwọ́ sí i. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn lè fún àwọn olùwádìí ní àkọsílẹ̀ ìlera rẹ̀, "lẹ́yìn tí a bá ti yọ orúkọ kúrò". Ó ní ṣé kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé òun ni mọ́ nìyẹn? Bí kò bá sì sẹ́ni tó máa mọ̀, kí ni wọ́n tún ń gba ìyọ̀ǹda òun fún?

Rárá o, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn nǹkan kéékèèké tó yí orúkọ ká ló sábà máa ń tú èèyàn fó: ọjọ́ ìbí, àdúgbò, bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ní Amẹ́ríkà, ní bí ọdún 1997. Àjọ tó ń bójú tó ètò adójútòfò ìlera fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba níbẹ̀ kó àkọsílẹ̀ ìtọ́jú wọn fún àwọn olùwádìí. Orúkọ ò sí níbẹ̀, àdírẹ́sì ò sí níbẹ̀, gómìnà William Weld sì fi àwọn aráàlú lọ́kàn balẹ̀ pé kò séwu. Ni Latanya Sweeney, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì MIT nígbà náà, bá fi dọ́là 20 ra ìwé orúkọ àwọn olùdìbò ìlú Cambridge tí gómìnà ń gbé. Ó gbé ìwé méjèèjì síra. Èèyàn 6 ló ní irú ọjọ́ ìbí gómìnà. 3 péré nínú wọn ni ọkùnrin. Nínú àwọn 3 yẹn, gómìnà nìkan ni nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ àdúgbò rẹ̀ bá ti inú àkọsílẹ̀ mu. Bí àkọsílẹ̀ ìtọ́jú gómìnà ṣe bọ́ sí i lọ́wọ́ nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ wo ohun tí fọ́ọ̀mù yín ní lọ́kàn dáadáa, torí ohun méjì ló lè jẹ́. Àkọ́kọ́ ni pé wọ́n fi kóòdù rọ́pò orúkọ, àmọ́ ìwé tó so kóòdù mọ́ orúkọ ṣì wà níbì kan. Èyí ló pọ̀ jù, ó sì nídìí: bí olùwádìí bá rí ohun tó yẹ kí dókítà yín gbọ́, ọ̀nà wà láti padà dé ọ̀dọ̀ yín. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù lórí ààbò dátà, tí wọ́n ń pè ní GDPR, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2018, ṣì ka irú dátà bẹ́ẹ̀ sí ti ẹni tó ni ín. Èkejì ni pé kò sí ọ̀nà àbọ̀ kankan mọ́, ilé ìwòsàn pàápàá ò lè mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Iṣẹ́ ńlá ni èyí o. Àpẹẹrẹ ni HIPAA, òfin Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ ìlera: oríṣi nǹkan 18 ni ọ̀kan nínú àwọn ìlànà rẹ̀ ní kí wọ́n yọ. Nínú ọjọ́ ìbí, ọdún nìkan ló lè kù. Ẹni tó bá ti lé ní ọdún 89, ìyẹn gan-an ò gbọdọ̀ hàn. "90 sókè" ni wọ́n máa kọ, torí pé irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ ò pọ̀ láàárín ìlú, kò ní pẹ́ tí wọn ó fi dá wọn mọ̀. Bí wọ́n bá sì ti ń yọ nǹkan tó, bẹ́ẹ̀ ni àkọsílẹ̀ náà ń di aláìwúlò fún olùwádìí tó. Ẹni tó bá ní òun lè yọ gbogbo rẹ̀, kí àkọsílẹ̀ náà sì wúlò bíi ti tẹ́lẹ̀, ẹ má dá a lóhùn.

Ní ti ìyọ̀ǹda, àṣírí nìkan kọ́ ni wọ́n ṣe ń gbà á. Torí kí ara yín lè yá lẹ ṣe sọ̀rọ̀ fún dókítà. Bí wọ́n bá fẹ́ lò ó fún nǹkan mìíràn, ó yẹ kí ẹ gbọ́. Ìkéde Taipei tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà àgbáyé tún ṣe ní 2016 fún èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti yí ìyọ̀ǹda rẹ̀ padà, kó sì ní kí wọ́n yọ dátà òun tí wọ́n ṣì lè dá mọ̀. Ẹ kíyè sí ìparí yẹn: bí wọ́n bá ti pa ojú àmì rẹ́ pátápátá, ta ni yóò mọ èyí tó jẹ́ tiyín kó tó yọ ọ́?

Ohun tí èmi á béèrè jù ni bóyá dátà náà máa jáde rárá. Ní England, ètò OpenSAFELY tó bẹ̀rẹ̀ ní 2020 kì í kó àkọsílẹ̀ fún olùwádìí. Olùwádìí ló ń fi ìlànà ìṣirò rẹ̀ ránṣẹ́ síbi tí àkọsílẹ̀ wà, àpapọ̀ èsì nìkan ló ń jáde, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yẹ̀ ẹ́ wò. Bí tiyín bá máa jáde, ẹ béèrè ẹni tí wọ́n ń kó o fún, àti ẹni tí ìwé tó so kóòdù mọ́ orúkọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ tó fọwọ́ sí i.